Ọ̀sà Tógò, Ẹja Inú Rẹ̀ àti Àwọn Èèyàn Etí Rẹ̀



Ǹjẹ́ ẹ mọ ibi tí epìyà tí ẹ ń jẹ ti wá? Bí ẹ bá ra epìyà, akàn tàbí edé ní ọjà kan ní Lomé, ó lè jẹ́ inú ọ̀sà ńlá kan ní ìhà ìlà-oòrùn ìlú náà ni wọ́n ti pa á. Ọ̀sà Tógò ni orúkọ rẹ̀. Lórí àwòrán ilẹ̀, báyìí ni wọ́n ń kọ ọ́: Lac Togo. Bí mo bá kúrò ní Attiégou, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn àgbà ní ìwé, n óò gun sẹ́míjàn dé Baguida, n óò wọ mọ́tò ní títì Aného, n óò sì sọ̀ kalẹ̀ ní Agbodrafo. Ọ̀sà náà wà níbẹ̀.

Nígbà tí mo wà ní kọ́léèjì, wọ́n kọ́ wa ní orúkọ odò ilẹ̀ Faransé: Seine, Loire, Garonne, Rhône. Mo ṣì lè kà wọ́n lórí títí di òní. Ṣùgbọ́n kò sí olùkọ́ kan tí ó sọ fún wa bí ọ̀sà tí ó wà nítòsí wa ṣe di ọ̀sà. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bi àwọn apẹja léèrè, tí mo sì wá a nínú ìwé. Ohun tí ó mú mi kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín ni àwo ẹja kan tí ìyá kan gbé wá sí kíláàsì wa. A ó dé orí ọ̀rọ̀ àwo náà.

Ibi tí ọ̀sà náà wà

Ẹ jẹ́ kí a dúró ní Agbodrafo, kí a kọjú sí ọ̀nà Aného. Òkun wà ní ọwọ́ ọ̀tún wa. À ń gbọ́ ariwo rẹ̀. Ọ̀sà wà ní ọwọ́ òsì. Òun kì í pariwo. Ilẹ̀ iyanrìn tóóró kan ni ó wà láàárín àwọn méjèèjì. Orí iyanrìn yìí ni ilé, ọjà, igi àgbọn àti títì mọ́tò wà.

Bí a bá wo òdìkejì ọ̀sà, a ó rí ilẹ̀ pupa tí ó ga díẹ̀. Wọ́n ń gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo níbẹ̀. Togoville ni ìlú tí ó wà ní etí omi ní òdìkejì yẹn. Ọkọ̀ ojú omi ń gbé èèyàn láti Agbodrafo lọ síbẹ̀. Ọ̀pá gígùn ni atukọ̀ fi ń ti ọkọ̀ náà lọ. Ó ń fi ọ̀pá kan ilẹ̀ tí ó wà nísàlẹ̀ omi. Láti ara èyí nìkan, ẹ ti mọ̀ pé ọ̀sà náà kò jìn. Ní ibi púpọ̀, kò ju mítà 2 lọ. Ṣùgbọ́n ó fẹ̀. Ó ju kìlómítà oníhà mẹ́rin 40 lọ. Kìlómítà oníhà mẹ́rin kan ni ilẹ̀ tí òòró rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 1, tí ìbú rẹ̀ náà sì jẹ́ kìlómítà 1.

Odò ńlá méjì ni ó ń tú omi sínú ọ̀sà yìí. Odò Haho ń bọ̀ láti agbègbè Notsé. Odò Zio ń bọ̀ láti orí àwọn òkè ní ìhà ìwọ̀-oòrùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ti Atakpamé wọ mọ́tò wá sí Lomé, ẹ máa ń kọjá lórí afárá Zio ní Togblékopé. Omi tí ẹ ń rí lábẹ́ afárá yẹn, inú Ọ̀sà Tógò ni ó ń lọ.

Bí ọ̀sà náà bá ti ń lọ sí ìlà-oòrùn, ó ń di tóóró, títí ó fi dé Aného. Aného ni ẹnu rẹ̀ wà. Ibẹ̀ ni ó ti ń pàdé òkun. Omi tóóró míràn tí wọ́n ń pè ní Gbaga so ó pọ̀ mọ́ odò Mono, ní ẹ̀bá ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ẹ fi ẹnu tí ó wà ní Aného yìí sọ́kàn.

Bí ó ṣe di ọ̀sà

Ẹ lè ṣe ìdánwò kan ní àgbàlá yín. Ẹ wá ibi tí iyanrìn wà. Ẹ fi ìka fa ojú odò méjì sínú rẹ̀, kí wọ́n pàdé nísàlẹ̀. Ẹ bu omi sí ìsàlẹ̀ títí omi yóò fi gòkè wọ inú ojú odò méjèèjì. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ gbá iyanrìn láti ẹ̀gbẹ́ kan wá síwájú, títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dí omi náà mọ́lé. Ọ̀sà ni ẹ ṣe yẹn.

Báyìí gan-an ni ó rí. Ní nǹkan bí ọdún 20,000 sẹ́yìn, òtútù mú ayé gidigidi. Omi púpọ̀ dì, ó di yìnyín lórí ilẹ̀ ní àríwá ayé, nítorí náà omi òkun dínkù. Òkun wálẹ̀ ní nǹkan bí 120 mítà sí ibi tí ó wà lónìí. Etí òkun jìnnà sí gúúsù nígbà náà. Zio àti Haho ní láti ṣàn lọ bá a. Bí wọ́n ti ń ṣàn, wọ́n gbẹ́ àfonífojì sínú ilẹ̀.

Nígbà tí ayé tún móoru, yìnyín yọ́, òkun sì ń ga díẹ̀díẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 6,000 sẹ́yìn, ó ti súnmọ́ ibi tí a mọ̀ ọ́n sí. Ó ti wọ inú àfonífojì odò wa. Nígbà náà ni iyanrìn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀. Ní etíkun wa, ìgbì kì í lu ilẹ̀ lọ́gangan. Ẹ̀gbẹ́, láti ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ni ó ń gbà wá. Bí ó ti ń lu ilẹ̀ ni ó ń ti iyanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn, lọ́sàn-án lóru. Iyanrìn náà ń kó jọ síwájú àfonífojì, títí ó fi dí i.

Bí ọ̀sà Kéta ní Gánà, Nokoué ní Bẹ̀nẹ̀ àti ọ̀sà Èkó ṣe bẹ̀rẹ̀ náà nìyẹn. Ní ilẹ̀ Scotland, tí ó wà lókè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òkun wọ inú àfonífojì bákan náà. Ṣùgbọ́n yìnyín fúnra rẹ̀ ni ó gbẹ́ púpọ̀ nínú tiwọn, ó sì gbẹ́ wọn jìn gan-an. Omi wọn kì í ṣe èyí tí a lè fi ọ̀pá kan ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Àwọn tí ó ti wà níhìn-ín

Kí òkun tó ga tó báyìí ni èèyàn ti wà ní ilẹ̀ wa. Ní ọdún 1965, ní Ihò Eléérú nítòsí Àkúrẹ́, àwọn onímọ̀ hú egungun èèyàn kan tí ó ti wà nínú ilẹ̀ fún ohun tí ó ju ọdún 11,000 lọ. Nígbà tí ẹni yẹn wà láyé, ẹsẹ̀ ni èèyàn ì bá fi rìn kọjá níbi tí wọ́n ti ń tukọ̀ lónìí láàárín Agbodrafo àti Togoville. Ọkọ̀ ojú omi náà kì í ṣe nǹkan àná. Ní ọdún 1987, darandaran kan ń gbẹ́ kànga ní Dufuna, ní ìpínlẹ̀ Yobe ní Nàìjíríà, ni ọkọ́ rẹ̀ bá kan igi líle. Ọkọ̀ tí wọ́n gbẹ́ lára igi ni. Ọjọ́ orí rẹ̀ tó nǹkan bí ọdún 8,000. Ó wà lára àwọn ọkọ̀ tí ó pẹ́ jù lọ tí a tíì rí ní gbogbo ayé.

Àwọn Ewe ni ó pọ̀ ní agbègbè ọ̀sà wa. Ìtàn àtẹnudẹ́nu wọn sọ pé àwọn baba ńlá wọn gba Kétu kọjá. Ẹ̀yin ará Kétu, ẹ gbọ́ bí! Wọ́n ní wọ́n gbé Tado ní ẹ̀bá odò Mono, kí wọ́n tó lọ tẹ̀dó sí Notsé. Ọba kan jẹ ní Notsé tí ń jẹ́ Agokoli. Ó le mọ́ wọn, ni wọ́n bá sá jáde lóru, wọ́n fọ́n ká. Àwọn kan dé etí ọ̀sà. Orúkọ "Tógò" pàápàá, èdè wọn ni. Ó túmọ̀ sí etí omi.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn míràn gba ojú òkun wá láti ìwọ̀-oòrùn. Láàárín ọdún 1677 sí 1681, àwọn Akwamu ṣẹ́gun Accra. Àwọn kan nínú àwọn ará Accra sá wá síhìn-ín, wọ́n sì tẹ Glidji dó nítòsí Aného. Àwọn apẹja àti atukọ̀ láti Elmina náà wá. Wọ́n mọ bí a ṣe ń la ìgbì òkun kọjá. Àwọn ọkọ̀ òyìnbó kò lè súnmọ́ etí iyanrìn, nítorí náà àwọn atukọ̀ yìí ni wọ́n ń gbé ẹrù lọ gbé ẹrù bọ̀. Láti ara orúkọ Elmina ni a ti ń pe àwọn èèyàn Aného ní Mina.

Kì í ṣe ẹrù nìkan ni wọ́n gbé. Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ bí ó ṣe rí. Ilé kan wà ní Agbodrafo tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1835, tí wọ́n ń pè ní Wood Home. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fòfin de òwò ẹrú láti ọdún 1807, ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò ṣì ń ṣe é ní bòńkẹ́lẹ́. Abẹ́ pákó ilẹ̀ ilé yẹn ni wọ́n ń kó ẹrú pamọ́ sí. Àgbàlagbà kò lè nàró níbẹ̀. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń ṣọ́ òkun, ṣùgbọ́n ọ̀sà wà lẹ́yìn iyanrìn, ojú wọn kò tó o. Ní àkókò yẹn, ogun ń jà ní ilẹ̀ Yorùbá lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ tú. Àwọn èèyàn wa pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n tà ní etíkun láti Aného dé Èkó. Mo ti wo abẹ́ pákó yẹn lẹ́ẹ̀kan. N kò fẹ́ wò ó mọ́.

Ní ọjọ́ 5 oṣù keje ọdún 1884, ará Jámánì kan, Gustav Nachtigal, tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní Baguida pẹ̀lú aṣojú Mlapa, ọba ìlú Tógò, èyí tí à ń pè ní Togoville lónìí. Láti ara ìlú kékeré etí ọ̀sà yẹn ni gbogbo orílẹ̀-èdè wa ti gba orúkọ.

Ẹja inú omi méjì

Nígbà òjò, Zio àti Haho kún, omi ọ̀sà a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní iyọ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi odò dínkù, omi òkun a gba ẹnu Aného wọlé, ọ̀sà a sì ní iyọ̀. Ẹja tí kò lè fara da ìyípadà yìí kò lè pẹ́ níbẹ̀. Àrọ̀ fẹ́ràn omi odò, nítorí náà ìgbà òjò ni ó ń wọlé dáadáa.

Epìyà ọ̀sà ní tirẹ̀ lè gbé inú omi iyọ̀, ó lè gbé inú omi odò. Ẹ gbọ́ ìyanu kan nípa rẹ̀. Bí abo bá yé ẹyin tán, akọ ni ó ń fi ẹnu kó o. Inú ẹnu baba ni ẹyin náà ń wà títí yóò fi pa, àwọn ọmọ á sì wà níbẹ̀ títí wọn yóò fi lè lúwẹ̀ẹ́ fúnra wọn. Bí ẹ bá pa akọ kan ní àkókò yẹn, ilé kan odindi ni ẹ pa.

Ti edé yàtọ̀. Inú òkun ni wọ́n ti ń bí edé ńlá tí a ń rí nínú ọ̀sà. Nígbà tí ó kéré bí eérú, ó ń gba ẹnu Aného wọlé. Ó ń jẹun, ó ń dàgbà nínú ọ̀sà níbi tí omi rọlẹ̀ sí, tí ẹja ńlá kò pọ̀. Bí ó bá tóbi, ó tún ń padà sínú òkun lọ bímọ. Abo akàn náà ń lọ síbi tí iyọ̀ pọ̀ sí bí ó bá fẹ́ pa ẹyin. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ fi ẹnu Aného sọ́kàn. Iyanrìn lè dí i, àkúnya omi sì lè já a. Bí ó bá dí pẹ́, edé kò ní wọlé.

Ọ̀nà tí wọ́n fi ń pa ẹja pọ̀: àwọ̀n jíjù, àwọ̀n dídẹ, ìgèrè, ìwọ̀. Ní Bẹ̀nẹ̀, ní ọ̀sà Nokoué, àwọn ará Ganvié ní ọ̀nà kan tí wọ́n ń pè ní acadja. Wọ́n ń ri ẹ̀ka igi mọ́lẹ̀ nínú omi bí ọgbà. Ewé omi wéẹ́wèẹ̀wéé ń hù lára igi náà, ẹja ń jẹ ẹ́, ó ń sá pamọ́ síbẹ̀, ó ń bímọ. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, wọ́n a fi àwọ̀n yí i ká, wọ́n a kó ẹja. Iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n ni. Ṣùgbọ́n igi ọgbà náà ń jẹrà, ó ń kún ìsàlẹ̀ omi, wọ́n sì ní láti gé igi míràn.

Àwo ẹja tí ó wọ kíláàsì

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ìyá kan nínú kíláàsì wa ti ọjà ẹja bọ̀ tààrà. Kò ráàyè délé. Ó gbé àwo rẹ̀ sí ẹ̀bá ìlẹ̀kùn. À ń kọ́ bí a ṣe ń fi rúlà wọn nǹkan lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ni mo bá ní kí a wọn ẹja. A tẹ́ wọn sórí síléètì. Epìyà ni gbogbo wọn. Èyí tí ó gùn jù níbẹ̀ kò tó ìka mi àárín. Ní ìsàlẹ̀ àwo, a rí àwọn nǹkan róbótó, aláwọ̀ ìyeyè, bí ọkà bàbà. Ẹyin ni. Àwọn baba ti tu ẹyin sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kú lọ.

Kíláàsì dákẹ́. Mo bi ìyá náà pé, "Màmá, irú àwọ̀n wo ni wọ́n fi pa ìwọ̀nyí?"

Ó ní, "Olùkọ́, àwọ̀n ẹ̀fọn ni. Kí ni kí n ṣe? Bí n kò bá rà á, ẹlòmíràn ń dúró lẹ́yìn mi. Owó ilé ìwé ọmọ mi wà nínú àwo yẹn."

N kò lè bá a wí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ro ọ̀rọ̀ àwọ̀n ẹ̀fọn yìí. Ní oṣù kejìlá ọdún 2004, Tógò pín àwọ̀n ẹ̀fọn lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn ọmọdé kékeré jákèjádò orílẹ̀-èdè, nígbà tí wọ́n ń gún abẹ́rẹ́ àjẹsára èéyi. Wọ́n ti pín in ní ọ̀pọ̀ ìgbà láti ìgbà náà. Oògùn tí ń pa ẹ̀fọn wà lára rẹ̀. Ẹ̀fọn ni ó ń gbé ibà kiri, ibà sì ń pa ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 ju àgbà lọ. Bí àwọ̀n náà bá wọ inú ọ̀sà, ohun mẹ́ta ni ó bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ kan sùn láìní àwọ̀n. Oògùn ara rẹ̀, tí ó jẹ́ májèlé fún ẹja àti edé, wọ inú omi. Ojú rẹ̀ sì há tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ ẹja tí kò tó abẹ́rẹ́ kò lè bọ́.

Àwọ̀n tí ojú rẹ̀ fẹ̀ ń jẹ́ kí ẹja kékeré jáde lọ dàgbà. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ojú àwọ̀n ṣe fẹ̀ tó, ẹ na ojú kan gbọọrọ láàárín ìka méjì, kí ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n láti kókó kan dé kókó kejì. Lẹ́yìn náà, ẹ ti ìka yín bọ̀ ọ́. Kò sí ìka tí ó lè wọ ojú àwọ̀n ẹ̀fọn.

Iyanrìn tí ń lọ

Ohun kan wà tí apẹja kò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún ṣe. Ẹ rántí pé ìgbì ń ti iyanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn. Ní ọdún 1965, wọ́n sé odò Volta ní Akosombo ní Gánà, iyanrìn tí Volta ń gbé wá sí òkun sì dínkù. Ní ọdún 1968, wọ́n ṣí èbúté Lomé. Ògiri òkúta rẹ̀ wọ inú òkun lọ, ó sì dá iyanrìn dúró. Ní ìwọ̀-oòrùn èbúté, iyanrìn ń pọ̀. Ní ìlà-oòrùn rẹ̀, láti Baguida lọ sí Agbodrafo àti Aného, iyanrìn ń lọ, kò sì sí òmíràn tí yóò rọ́pò rẹ̀. Títì àtijọ́ tí ó lọ sí Aného ti wọ inú òkun ní ibi púpọ̀. Ilé ti lọ, igi àgbọn ti lọ, ibojì ti lọ. Ní Aného, wọ́n ti kó òkúta ńláńlá sí etíkun láti gba ilẹ̀ sílẹ̀. Láti ọdún 2018, Tógò, Bẹ̀nẹ̀ àti àwọn orílẹ̀-èdè míràn ti ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ nínú ètò WACA, tí Báǹkì Àgbáyé ń ràn lọ́wọ́.

Ilẹ̀ iyanrìn tí òkun ń jẹ yìí náà ni ògiri ọ̀sà. Bí ó bá já níbi tí kò yẹ, omi iyọ̀ yóò wọlé ní gbogbo ìgbà, àrọ̀ kò ní rí ibi gbé, oko tí ó wà ní etí ọ̀sà yóò sì jẹ iyọ̀. Ẹni tí ó ń wa iyanrìn etíkun láti fi kọ́lé, òun náà ń bù nínú ògiri yìí. Ìjọba ti fòfin dè é, àmọ́ ẹ̀yin náà mọ bí òfin ṣe rí ní òru.

Ìyá aláwo ẹja ṣì ń wá sí kíláàsì. Ó ti lè kọ orúkọ ẹja márùn-ún báyìí, ó sì ní ìwé kékeré kan. Ní ọjọ́ ọjà, ó ń ka iye epìyà tí ó kún agolo tí ó fi ń wọn ẹja, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ oṣù. Níjọ́ tí ó kọ́kọ́ fi ìwé náà hàn mí, 74 ni ó kọ síbẹ̀. Ó ní agolo náà, ti ìyá òun ni, àti pé nígbà tí òun wà ní ọmọdé, epìyà 20 ti kún un.